Ọjọ́ Tí A Gbé Àpótí Ìyá Mi Lọ Sínú Igbó

Èmi kì í ṣe ẹni tí ń lọ gbafẹ́. Kọ́tìnì ni mò ń tà ní Effurun. Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù mi nírọ̀lẹ́, ilé mi ní Edjeba ni mò ń kọrí sí, kí n bọ́ bàtà, kí n jẹun, kí n sì máa bá ẹni tó bá múnú bí mi lọ́sàn-án jà nínú ọkàn mi títí oorun á fi gbé mi lọ. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi obìnrin wá sọ fún mi pé òun ti sanwó ilé àlejò kan fún mi nínú igbó, lẹ́yìn Ovwian, níbi tí wọn kì í tan jẹnẹrétọ̀, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí èèyàn gbé ọ̀rá wọlé, mo bi í pé kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́.

"Mummy, na rest you go rest," ló fi dá mi lóhùn. Yorùbá ni mo ti ń bá ọmọ yìí sọ láti ọjọ́ tí mo ti bí i, Pidgin ló sì fi ń dá mi lóhùn láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó ti sú mi láti máa bá a jà lórí ẹ̀.

Mo ní, "Ìsinmi wo ló wà nínú igbó? Ilé tí wọ́n kọ́ sórí òpó igi lójú omi, òrùlé imọ̀, ẹ̀fọn. Irú ibi tí a ti lọ gbé ìyá àgbà rẹ kúrò nìyẹn, ìwọ wá ń sanwó kí èmi lọ sùn síbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ̀ mí.

Ìyá mi ló jẹ́ kí n gbà láti lọ. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, ojú omi ni wọ́n sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé wọn. Wọ́n bá bàbá mi, tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, ṣòwò ní Warri fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi kú, wọ́n padà sí abúlé wọn létí odò, wọ́n lọ ń yan ẹja. Ibẹ̀ ni ojú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Lọ́jọ́ kan, ará àdúgbò wọn kan pè mí lórí fóònù pé ìyá mi ti ẹsẹ̀ bọ ibi tí kò sí pákó, pé omi ni wọ́n ti fà wọ́n jáde. Mo wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi títí ojú yín á fi sàn." Wọn ò bá mi jiyàn rárá.

Yàrá tó dára jù nílé mi ni mo fún wọn, èyí tí atẹ́gùn ń wọ̀. Mo so kọ́tìnì aláwọ̀ wúrà sí i bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọn ò lè rí i. Mo kó gbogbo aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù ibẹ̀ kúrò kí wọ́n lè rí ibi kó tiwọn sí. Ṣùgbọ́n wọn ò kó ohunkóhun síbẹ̀. Inú àpótí páànù wọn ni aṣọ wọn wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àárọ̀ ọjọ́ gbogbo ni wọ́n á fà á jáde, wọ́n á mú èyí tí wọ́n fẹ́ wọ̀, wọ́n á tún tì í padà. Páànù yẹn a sì máa han lórí táìsì débi pé eyín á kan mí. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní kó wà bẹ́ẹ̀.

"Kó wà bẹ́ẹ̀" yìí náà ni wọ́n sọ nípa ojú wọn. Dókítà ti yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní awọ funfun kan ló bo ẹyinjú wọn, pé iṣẹ́ abẹ tí kò le ni, pé wọ́n á ṣe é lọ́jọ́ náà, wọ́n á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ní bí a bá fi falẹ̀, ojú yẹn á bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Mo bẹ̀bẹ̀, mo pariwo, mo ní kí pásítọ̀ wọn bá mi bẹ̀ wọ́n. Ìyá mi á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n á wá ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ fi ojú mi sílẹ̀ fún mi." Mo rò pé ẹ̀rù abẹ ló ń bà wọ́n. Ojoojúmọ́ tí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni mò ń ro ó pé ìyá mi ń fọ́jú lọ lójú mi, tí mi ò sì lè ṣe nǹkan kan.

Èrò tí mo wá gbà nìyí: n ó mú wọn dání lọ sí ilé inú igbó náà. Wọ́n á gbóòórùn odò, wọ́n á gbọ́ ohùn omi lábẹ́ pákó, ọkàn wọn á rọ̀. Bí ọkàn wọn bá ti rọ̀, n ó wá gbé ọ̀rọ̀ abẹ náà kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Mo sì fẹ́ kó bá wọn lójijì, kí inú wọn lè dùn.

"Ìyá mi, a ń lọ síbì kan."

"Níbo?"

"Ẹ má ì tíì bi mí. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n."

Nítorí pé n kò mọ aṣọ tí wọ́n á fẹ́ wọ̀, àti pé àpótí wọn ti wà ní dídì tẹ́lẹ̀, odindi àpótí náà ni mo gbé sínú bùútù mọ́tò. Ìyá mi na ọwọ́, wọ́n fi kan páànù náà.

"Gbogbo rẹ̀ lo gbé?"

"Gbogbo rẹ̀ ni."

Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọmọ mi ló wa mọ́tò. A kọjá Ovwian, títì ọ̀dà parí, a bọ́ sójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa, a dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró. Ọkọ̀ náà ní ẹ́ńjìnnì kékeré, ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Igi bò wá lókè lọ́tùn-ún lósì, afẹ́fẹ́ tutù. Èmi di etí ọkọ̀ mú bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ ṣẹjọ́. Ìyá mi ní tiwọn jókòó gbagidi, wọ́n ti ọwọ́ bọ omi, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní, "Òjò ti wọ inú ẹ̀ dáadáa." Wọn ò yọ ọwọ́ kúrò nínú omi títí a fi gúnlẹ̀.

Ilé náà rí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́: òpó igi nínú omi, pákó nílẹ̀, imọ̀ ògùrọ̀ lókè. Fèrèsé ò ní kọ́tìnì. Àwọ̀n ẹ̀fọn nìkan ni wọ́n kàn mọ́ ọn, àwọn kan sì ń sanwó fún un. Obìnrin kan tó ń tọ́jú ilé náà jáde wá pàdé wa, ọmọ ìlú tó wà nítòsí ibẹ̀ ni. Ó fi ẹ̀rín gba agolo oògùn ẹ̀fọn tí mo gbé wá, ó tún gba gbogbo ọ̀rá tí mo fi di gaàrí, ó dà á sínú abọ́ fún mi. Ó ní oògùn yẹn á pa kòkòrò, ẹyẹ á sì jẹ kòkòrò náà. Mo ní kí ẹyẹ lọ wá nǹkan mìíràn jẹ. Ọmọ mi fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìyá mi kí obìnrin náà. Ìlàjẹ ni wọ́n fi kí i, wọ́n kí i gígùn, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọ̀nà. Obìnrin náà ní, "You welcome, Mama. God bless you, Mama." Ìyá mi mi orí.

"Wọn ò sọ èdè wa mọ́ níbí," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́.

Mo rò pé ọmọ tèmi àti Pidgin rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, mo sì ní, "Ẹ má dá a lóhùn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìsinsìnyí nìyẹn." Ó yẹ kí n ti fura. Mi ò fura. Inú mi ti ń dùn jù, nítorí pé ìyá mi já ọwọ́ mi sílẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá pákó, wọ́n ń rìn lọ lórí rẹ̀ láìdi ẹnikẹ́ni mú. Ní Edjeba, wọn kì í rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwẹ̀ láìpè mí. Mo fọwọ́ gbá ọmọ mi. Mo ní, "Ṣé o rí i?"

Wọ́n dúró níbi ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sódò. "Ta ló kù níbí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Àwa nìkan ni."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

Mo rò pé àwọn àlejò yòókù ni wọ́n ń béèrè. "Wọ́n ti lọ."

"Mo ti mọ̀ pé wọ́n á ti lọ," ni wọ́n sọ, wọ́n sì jókòó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: ibẹ̀ dára. Òjò dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì ń rọ̀ sórí imọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò pariwo bíi ti páànù òrùlé wa. Obìnrin náà fi ẹyìn se ọbẹ̀ bángà pẹ̀lú ẹja tútù, ó ro òkèlè sítáàṣì tì í. Ìyá mi, tí mò ń fi ọ̀rọ̀ àrọwà bọ́ nílé, jẹ tiwọn tán, wọ́n lá ọwọ́. Kò sí iná, kò sí tẹlifíṣọ̀n, fóònù mi ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ní n ò ní sùn. Mo sùn débi pé ọmọ mi ló jí mi láàárọ̀.

Ìkùukùu ṣì wà lójú omi. Ẹyẹ àgbìgbò ń kọjá lókè igi, ìyẹ́ rẹ̀ ń dún fùú, fùú. Mo jókòó sí ìdí àtẹ̀gùn, mo ti ẹsẹ̀ bọ omi, mo gbìyànjú láti rántí oníbàárà tó ń yọ mí lẹ́nu kí n lè bínú sí i díẹ̀, inú ò bí mi. Ó yà mí lẹ́nu. Mo ní lọ́kàn mi pé ó tó àkókò, pé lọ́sàn-án n ó bá ìyá mi sọ̀rọ̀ ojú wọn.

Wọ́n ti wẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Wọ́n ti wọ aṣọ funfun tí wọ́n fi ń jẹ ara Olúwa, wọ́n ti di irun wọn. Ojú wọn fara balẹ̀. Wọ́n fa àpótí wọn síwájú, wọ́n ní kí n pe ọmọ mi wá. Wọ́n mú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tí ìyá wọn fún wọn, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́. Wọ́n yọ aṣọ òkè wọn kan ṣoṣo, wọ́n gbé e fún ọmọ mi.

Wọ́n ní, "Ẹ tètè máa lọ kí òjò tó tún ṣú. Ọkọ̀ yẹn ò dára nínú òjò."

"Ká máa lọ síbo?"

"Sí Warri."

"Ẹ̀yin wá ńkọ́?"

"Èmi ti délé. O ṣeun, ọmọ mi. O ṣe é dáadáa. Mi ò bínú sí ọ."

Mo kọ́kọ́ rò pé nǹkan ti ṣe wọ́n ní orí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, bí ẹ̀rù bá ti bà mí, ohùn mi ló máa ń lọ sókè. "Ìyá mi, ilé wo? Kí lẹ ń sọ lẹ́nu? Ta ló fẹ́ fi yín sílẹ̀ síbí?"

Wọn ò bá mi pariwo. Wọ́n fara balẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tí ń kọ́ ọmọdé. Wọ́n ní nígbà tí ojú ìyá tiwọn fọ́, àwọn gan-an làwọn wa ọkọ̀ tó gbé ìyá náà padà sí abúlé bàbá wọn. Wọ́n ní bí wọ́n ti ń ṣe é nínú ìdílé àwọn nìyẹn. Wọ́n á kó gbogbo ẹrù àgbàlagbà náà, wọn ò ní sọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, nítorí pé ẹkún á pọ̀ jù bí wọ́n bá sọ ọ́. Wọ́n á sáà ní, "A ń lọ síbì kan." Òun fúnra rẹ̀ á gbóòórùn omi, á sì mọ̀.

"Bí o ṣe gbé àpótí mi ni mo ti mọ̀," ni wọ́n sọ. "Àtàná ni mo ti ń gbàdúrà fún ọ."

Ọmọ mi bú sẹ́kún. Èmi dúró pẹ̀lú iyùn lọ́wọ́.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Mo ní, "Ìyá mi, ibí kì í ṣe abúlé yín. Ilé àlejò ni. Ọmọ yìí ló sanwó kí á wá sinmi. Ọ̀la là ń padà lọ, gbogbo wa."

"Sanwó?" Wọ́n gbé ojú sókè bí ẹni pé wọ́n lè rí òrùlé. "Èèyàn ń sanwó láti sùn lábẹ́ imọ̀?"

"Wọ́n ń san án. Àwọn òyìnbó pàápàá ń wá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n rín in títí wọ́n fi ń fi etí aṣọ nu ojú. Wọ́n ní bí àwọn bá ti mọ̀, àwọn ì bá ti jókòó sílé àwọn kí àwọn máa gba owó ẹnu ọ̀nà. Inú mi yọ̀ pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì ní jẹ́ kí n lo àǹfààní ẹ̀.

"Nítorí ojú yín ni mo ṣe mú yín wá. Mo fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ kí ẹ lè gbà kí dókítà ṣe é. Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rù kí ló ń bà yín?"

Ẹ̀rín wọn lọ. Odò ń kọjá nísàlẹ̀ pákó.

"Abẹ ò bà mí lẹ́rù," ni wọ́n wí. "Ṣé o rántí ohun tí o sọ lọ́jọ́ tí o wá gbé mi?"

Mi ò rántí.

"O ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ títí ojú mi á fi sàn." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá orí mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. "Bó bá wá sàn, níbo ni kí n lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹnu lásán ni mo fi sọ ohun tí mo sọ yẹn lọ́jọ́ náà, bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Ìyá mi gbé e wọlé, wọ́n gbé e sùn, wọ́n gbé e jí. Nítorí ẹ̀ ni wọn ò fi kó aṣọ wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n fi gbà kí òkùnkùn bò wọ́n. Wọ́n fẹ́ fọ́jú lọ́dọ̀ mi ju kí wọ́n ríran kí wọ́n sì tún máa dá gbé létí odò. Mo sunkún bí mi ò ṣe sunkún rí láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Mo gbé orí mi sórí itan wọn, mo sì sọ fún wọn pé mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ síbì kankan, pé bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo gbọ́ pé wọ́n ń kọrin nínú yàrá, ara mi máa ń rọlẹ̀, pé mo fẹ́ràn wọn. N kò sọ ọ́ fún wọn rí. A kì í sọ irú ẹ̀ nílé wa.

Ọmọ mi náà di apá wọn mú. "Grandma, you no dey go anywhere."

"Kí ló wí?" ni ìyá mi bi mí.

"Ó ní ẹ ò lọ síbì kankan."

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu tìrẹ ni."

Mo sọ ọ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Wọ́n wá na ọwọ́ sí mi.

"Ó dáa. Dá iyùn mi padà."

Mo dá a padà. Ọmọ mi náà dá aṣọ òkè padà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Mo bi wọ́n pé ojú náà wá ńkọ́, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn gbádùn ibi tí wọ́n ti sanwó fún ná. Òjò ọ̀sán dé. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá mi ń sọ fún ọmọ mi ẹyẹ tó ń ké àti ibi tí ẹja máa ń sá sí bí omi bá pọ̀. Mi ò dá ọ̀rọ̀ wọn dúró. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀ tán, nítorí pé wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì a wọ ọkọ̀ padà. Obìnrin náà dá agolo oògùn ẹ̀fọn mi padà fún mi, ó ní kí n tún padà wá. Mo ní n ó wá, n ó sì gbé kọ́tìnì dání.

Nígbà tí a dé Edjeba, mo gbé àpótí náà wọ yàrá, mo fẹ́ tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ó ṣe máa ń wà. Ìyá mi ní kí n má tì í síbẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ tọ ògiri títí wọ́n fi dé ibi kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n wá ìlẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n ṣí i.

"Apá wo ni tèmi?"

"Gbogbo rẹ̀ ni."

"Má ṣe àsọdùn. Apá kan tó mi."

Wọ́n ń mú aṣọ wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ká a, wọ́n ń tò ó síbẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n ran àwọn lọ́wọ́. Nígbà tí àpótí ṣófo, wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í sọ́dọ̀ mi. Páànù rẹ̀ tún han lórí táìsì. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí n máa kó ègé kọ́tìnì sí i. Wọ́n pa ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù dé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n wá bi mí pé, "Ọjọ́ wo ni dókítà yẹn ní ká wá?"